Ẹ̀gbọ́n mi ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni

Aremu44:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo gbé wá o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 46, ó ti tó oṣù méjì tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tó bá yàgbẹ́, mi ò bá má tiẹ̀ mọ̀ ká ní kò gbàgbé fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ó ti ṣe òun rí. Àmọ́ ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun méjì sí bẹ́líìtì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun dáadáa. Ṣé mò ń da ara mi láàmú lásán ni?

IyaIbeji:
Rárá o. Jẹ̀díjẹ̀dí ló sábà máa ń fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ jẹjẹrẹ ìfun náà ń fà á, kò sì sẹ́ni tó lè wo ẹ̀jẹ̀ orí tísù kó mọ èyí tó jẹ́. Rírù yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bi í bóyá ìgbẹ́ ẹ̀ ti yí padà, bóyá ó máa ń ṣe é bíi pé ó ṣì kù nínú lẹ́yìn tó bá ṣu tán, bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá.

DejiJeje:
Kó má sọ pé òun ṣì kéré o. Ọdún 2016 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ìfun lára Chadwick Boseman, òṣèré yẹn, ó kú ní 2020, ẹni ọdún 43 péré.

Morenike_B:
Èmi ti ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo ìfun. Oògùn tí wọ́n ní kí n mu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló le jù, díẹ̀ ló kù kí n sun tọ́ílẹ́ẹ̀tì, títí ohun tó ń jáde fi dà bí omi. Kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ò tó nǹkan, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tó jẹ́ kí n máa tòògbé. Wọ́n rí kókó kékeré méjì, wọ́n gé e dànù lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní irú ẹ̀ ló máa ń di jẹjẹrẹ tó bá pẹ́, ó lè gbà tó ọdún 10.

Aremu44:
Ẹ ṣé gan-an. Mo sọ ti ihò bẹ́líìtì yẹn fún un, ó dákẹ́. Ó ní òun á lọ ní Mọ́ńdé tí mo bá máa tẹ̀lé òun.

IyaIbeji:
Tẹ̀lé e jàre. Kó sọ ti ẹ̀jẹ̀ àti rírù fún dókítà, kó má wulẹ̀ débẹ̀ kó ní "jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣe mí", kí wọ́n má lọ kọ oògùn jẹ̀díjẹ̀dí fún un.