Họ́mọ̀nù "àdánidá" àti èyí tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀rọ: kí ló yàtọ̀ gan-an?

Apòògùn, Ìbàdàn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin àǹtí wa. Ìbéèrè tí àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá, tí wọ́n fẹ́ lo oògùn họ́mọ̀nù nítorí ooru òru, máa ń bi wá ní kẹ́míìsì ni pé: "Ṣé ti àdánidá lẹ ní, àbí èyí tí oyìnbó fi kẹ́míkà pò?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ ibi tí oògùn ti wá nìkan ló ń wádìí. Ẹ bi wá ní orúkọ họ́mọ̀nù tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọ̀nà tó ń gbà wọ ara.

Ẹ wo Premarin, oògùn estrogen (họ́mọ̀nù obìnrin), tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942. Inú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ohun tó ti ara ẹ̀dá alààyè wá, òun nìyẹn. Síbẹ̀ àwọn họ́mọ̀nù kan wà nínú rẹ̀, bíi equilin, tó jẹ́ ti ẹṣin, tí ara ènìyàn kì í ṣe. Ẹ wá wo estradiol, irú estrogen kan, inú patch tí à ń lẹ̀ mọ́ ara. Ilé ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe é, àmọ́ kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí ilé-ẹyin obìnrin ń ṣe. Èwo la wá fẹ́ pè ní àdánidá nínú méjèèjì?

Ibi tí ìyàtọ̀ ti ṣe pàtàkì jù ni họ́mọ̀nù kejì tí à ń lò pẹ̀lú estrogen, èyí tó ń dáàbò bo ilé-ọmọ. Progesterone gidi wà. Medroxyprogesterone náà wà, tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọ tirẹ̀, àmọ́ tí kì í ṣe òun. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, Women's Health Initiative, obìnrin 16,608 tí ilé-ọmọ wọn ṣì wà ni wọ́n kó jọ, ọjọ́ orí wọn sì tó 63 ní ìpíndọ́gba. Wọ́n fún àwọn kan ní Premarin 0.625 mg pẹ̀lú medroxyprogesterone 2.5 mg lójúmọ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Oṣù keje ọdún 2002 ni wọ́n dá a dúró. Nínú obìnrin 10,000 tó bá lò ó fún ọdún kan, jẹjẹrẹ ọmú fi mẹ́jọ pọ̀ sí i, àmọ́ egungun ìbàdí tó ń kán fi márùn-ún dín. Nígbà tí wọ́n dá apá kejì dúró ní 2004, ìyẹn ti àwọn tí wọ́n ti yọ ilé-ọmọ wọn, tí wọ́n ń lo Premarin nìkan, jẹjẹrẹ ọmú kò pọ̀ sí i níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ojú fi yí sí medroxyprogesterone. Ìwádìí E3N ní Faransé náà rí i pé jẹjẹrẹ ọmú kéré lára àwọn tó fi progesterone gidi ti estradiol lẹ́yìn, ju lára àwọn tó fi irú èyí tí ara kì í ṣe tì í lọ. Níbí, ẹni tó bá yan progesterone gidi rí ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ dì mú.

Olùkọ́ kẹ́mísìrì, Ìlọrin

Ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ iṣu yọ, torí wọ́n ti fi tan ọ̀pọ̀ ìyá wa jẹ, pé iṣu tàbí ìpara iṣu ń fún ara ní progesterone. Lóòótọ́, inú iṣu igbó kan ní Mẹ́síkò ni Russell Marker, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Amẹ́ríkà, ti yọ èròjà kan tó ń jẹ́ diosgenin láyé 1940 sí 1949, tó sì sọ ọ́ di progesterone. Ilé iṣẹ́ oògùn Syntex tí òun àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1944 dúró lórí iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ ohun tó yẹ ká tẹnu mọ́ ni pé inú ìgò, pẹ̀lú iná àti kẹ́míkà, ní ìpele-ìpele, ló ti ṣeé ṣe. Ara ènìyàn kò ní ohun tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá jẹ iyán láàárọ̀, tó tún jẹ àmàlà lálẹ́, oúnjẹ ló jẹ. Ìpara "iṣu igbó" náà, tí kò bá sí progesterone tí wọ́n fọwọ́ ara wọn bù sí i, ìpara lásán ni.

Àwọn kan á ní Igbó-Ọrà ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń jẹ iṣu àti ilasa, tí wọ́n sì ń bí ìbejì? Obìnrin tí ẹyin rẹ̀ ṣì ń jáde ló ń bí ìbejì. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹyin rẹ̀ ti tán là ń sọ yìí.

Nọ́ọ̀sì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ló ń kó àwọn àǹtí wa sí wàhálà jù.

Patch: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ ó máa pààrọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bíi ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ìsàlẹ̀ ìgbànú ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sí, ní ìbàdí tàbí ìdí, kó má kan ọmú rárá. Òrí àti pọméèdì ló ń jẹ́ kó ṣí jù lọ lára àwa tí à ń para dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ibẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ má fi nǹkan pa á, kẹ́ ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ patch náà mọ́ra fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, pàápàá létí rẹ̀ yíká. Tẹ́ ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́ sójú kan náà, ara ibẹ̀ á máa yún yín. Gọ́ọ̀mù dúdú tó bá kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, òróró díẹ̀ ló ń yọ ọ́, ẹ má fi kànrìnkàn bó ara yín.

Jẹ́ẹ̀lì estradiol: ẹ fi pa apá tàbí itan, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wọṣọ, ẹ má sì fomi kàn án fún wákàtí kan. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ìyá àgbà tó bá fi pa apá tán, tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra láìbo ibẹ̀, ara ọmọ náà lè fa họ́mọ̀nù ọ̀hún mu.

Progesterone oníhóró: 100 mg lálaalẹ́, tàbí 200 mg fún alẹ́ méjìlá nínú ọjọ́ 28, bí dókítà bá ṣe kọ ọ́. Ó ń kunni lóorun, torí náà ẹ má gbé e mì láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó wakọ̀. Òróró ẹ̀pà wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Prometrium, kí ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà sọ fún apòògùn.

Àṣìṣe kan wà tó ń bà mí lẹ́rù. Ìyá tó ní ilé-ọmọ á ní progesterone ń mú òun rẹ̀, á pa á tì, á máa lo patch nìkan. Estradiol láìní progesterone á máa mú kí awọ inú ilé-ọmọ nípọn sí i, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ẹni tí wọ́n ti yọ ilé-ọmọ rẹ̀ kì í sábà nílò progesterone.

Apòògùn, Ìbàdàn

Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, àǹtí nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ fi ti ẹ̀dọ̀ kún un. Estrogen tí a bá gbé mì á kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ á wá máa ṣe àwọn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó gba awọ ara wọlé yẹra fún ẹ̀dọ̀. Fún ẹni tó sanra tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lẹ́sẹ̀ ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀, ọ̀nà tí oògùn gbà wọlé ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ àdánidá lọ. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, tàbí tó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò tíì mọ ìdí rẹ̀, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń ta èyí tí wọ́n pò fúnra wọn, tí wọ́n ní itọ́ ẹnu lásán làwọn fi ń wọn ìwọ̀n tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu, ẹ ṣọ́ra fún wọn. Iye tó wà nínú itọ́ ń lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan, ìwọ̀n inú ìpara tí wọ́n pò sì lè yàtọ̀ láti ìgò kan sí òmíràn.

Nọ́ọ̀sì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Kí n tó lọ: ẹ̀jẹ̀ kékeré lè máa yọ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tó dáwọ́ dúró tó tún padà, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹni tó bá ń lo rifampicin fún ikọ́ ife tàbí carbamazepine fún wárápá, kó sọ fún dókítà, torí wọ́n ń mú kí ara tètè da họ́mọ̀nù náà nù, ooru òru á sì padà wá bíi pé kò lo nǹkan kan.