Òwú mi ń ta kókó, aṣọ mi ń hunjọ: ẹ gbà mí lórí iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti pé ọdún 43, ìwé àti bírò ni mo ń tà, abẹ́rẹ́ tí mo sì mọ̀ láyé mi kò ju èyí tí mo fi ń gán bọ́tìnnì mọ́ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ lọ.

Àpò ìrọ̀rí kan ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ìsàlẹ̀ àpótí ìyá mi ni mo ti rí i nígbà tí mo lọ bá a palẹ̀ yàrá mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ funfun ni, ó ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Òdòdó pupa mẹ́ta wà ní igun rẹ̀ pẹ̀lú ewé, wọ́n sì fi òwú búlúù kọ GOOD NIGHT sí àárín. Màmá ní iṣẹ́ tí òun ṣe fún Home Economics ni, ní 1979, nígbà tí òun wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹta. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé, pé ṣebí àwọn oní-monogram kún ìgboro, kí n lọ sanwó fún wọn kí n yéé da ara mi láàmú.

N kò gbọ́. Mo lọ sí Gbági, mo ra òwú Anchor mẹ́rin, abẹ́rẹ́ páálí kan, àti férémù onípákó roboto tí wọ́n fi ń na aṣọ. Mo wo fídíò títí dátà mi fi tán.

Ibi tí mo bá a dé nìyí o. Òwú kò lè lọ ní ìlà kan kó má ta kókó. Tí mo bá ṣe chain stitch, ìrán tó ń so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, aṣọ á hunjọ bí ojú ẹni tó mu àgbo kíkorò. Ewé tí mo fi satin stitch kún, ìrán tí wọ́n ń tò mọ́ra títí ojú aṣọ á fi bò, dà bí eyín tó ya ara. French knot, kókó kékeré tí wọ́n ń fi òwú wé mọ́ abẹ́rẹ́ ṣe, ni kí ẹ má tiẹ̀ bi mí: màá wé e lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe wí, màá fà á, pọ́ọ̀, ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ. Méjìlá ni mo ṣe lálẹ́ àná. Méjì ló dúró.

Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbí gbogbo òwú yẹn lẹ ń kì bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ wò ó dáadáa. Òwú Anchor yín àti DMC tí èmi ń rà níbí, fọ́nrán mẹ́fà ló wà nínú wọn. Fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ẹ má fà wọ́n yọ pọ̀ o, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, lẹ́yìn náà kí ẹ wá kó wọn jọ padà.

Ẹ má sì gé e gùn. Láti orí ìka yín dé ìgbọ̀nwọ́, bí ínṣì 18, ó parí. Èmi náà máa ń gé e gùn bí okùn kànga nítorí mi ò fẹ́ máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ti rán an díẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó rọ̀ dirodiro, òwú á tú ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ló ṣe tín-ín-rín tó. Ẹ lo 7 tàbí 8.

Tísà Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Home Economics. Mo mọ àpò ìrọ̀rí yẹn láì fojú rí i. Ilé wo ni kò sí?

Ta ló ní kí o wé French knot lẹ́ẹ̀mẹta? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o wé e ná. Fi ọwọ́ òsì di òwú mú kó le, má tú u sílẹ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán. Má sì ki abẹ́rẹ́ padà sí ojú ihò tó ti jáde. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, kí fọ́nrán aṣọ kan tàbí méjì wà láàárín wọn. Ẹnu ọ̀nà tí tìrẹ gbà jáde náà ló ń gbà wọlé lọ, kí ni yóò dá a dúró?

Chain stitch yàtọ̀ sí ìyẹn. Ihò kan náà gan-an ni wàá padà sí. Abẹ́rẹ́ á yọ síwájú, òwú á wà lábẹ́ rẹ̀, wàá wá rọra fà á. Nígbà tí òrùka òwú bá ti sùn sórí aṣọ, dúró. Àfàjù tí ò ń fà á ló ń mú aṣọ hunjọ. Bí o bá dé òpin, rán ìrán kékeré kan dábùú orí òrùka tó kẹ́yìn kí o fi dè é, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á tú láàárọ̀ ọjọ́ kan, èpè ni wàá máa ṣẹ́. Bí o bá mú òrùka yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o dè é, tí o to márùn-ún yí ká ojú kan, òdòdó nìyẹn, lazy daisy. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló wà lára àpò ìrọ̀rí ìyá rẹ.

Ní ti ewé, fi back stitch, ìrán tó ń padà sẹ́yìn kó tó lọ síwájú, yí etí rẹ̀ ká ná. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ satin stitch láti àárín, níbi tó fẹ̀ jù, lọ sí ẹnu ṣóńṣó, kí o tó padà wá ṣe apá kejì. Na aṣọ nínú férémù kó dún bí ìlù tí o bá fi ìka ta á, ṣùgbọ́n bọ́ ọ kúrò tí o bá fẹ́ sùn. Bí o bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, àmì roboto yẹn á le débi pé áyọ́ọ̀nù á ṣe é tì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ rè é: yí àpò ìrọ̀rí náà padà, kí o wo inú rẹ̀. Èmi kì í wo iwájú aṣọ kí n tó fún ọmọ ní máàkì. Ẹ̀yìn chain stitch máa ń jọ back stitch. Ẹ̀yìn back stitch máa ń jọ stem stitch, ìrán tó ń lọ́ bí okùn. Wá sọ ohun tí o rí fún mi.

Alábẹ́rẹ́ Ìlọrin

Ẹ ǹlẹ́ o, àǹtí. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ obìnrin ni. Agbádá ni tèmi. A kì í lo férémù, orí itan la ń tẹ́ aṣọ sí. Òwú tó nípọn la máa ń tẹ́ sójú ìlà, a ó wá fi tín-ín-rín gán an mọ́lẹ̀ lórí. Èyí tí àwọn Hausa ń pè ní aska takwas, abẹ mẹ́jọ, ọ̀kan lè gba oṣù kó tó parí tó bá jẹ́ ọwọ́ lásán. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń sá lọ bá ẹ̀rọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: ẹ má fi bírò ya ọnà sára aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń tà á. Mo fi bírò ya ọrùn gínnì funfun oníbàárà kan rí. Mo fọ̀ ọ́, ó tàn dé àyà. Àpò mi ni mo ti san án. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, kí ẹ rọra fà á. Tí ẹ bá fẹ́ da àwòrán kọ, ẹ lẹ bébà mọ́ gíláàsì wíńdò lọ́sàn-án, kí ẹ fi aṣọ bò ó. Oòrùn á fi gbogbo ìlà hàn yín.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá, mo ti dé. Lóòótọ́, fọ́nrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo ń kì bọ abẹ́rẹ́ látọjọ́ yìí! Ẹ ṣé o, àbúrò mi ní Peckham. Nínú French knot méjìlá, mọ́kànlá ló dúró báyìí. Òdòdó mi ń jọ òdòdó. Ewé ṣì ń ṣe wérewère.

Tísà mi, mo yí àpò ìrọ̀rí padà bí ẹ ṣe wí. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Lẹ́yìn àwọn òdòdó, òwú ń fò láti ara ọ̀kan lọ sí èkejì, kókó sì wà níbẹ̀ tó tóbi bí ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn lẹ́tà búlúù, kókó kan kò sí. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin òwú, abẹ́ ìrán ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí. O méjèèjì dọ́gba pátápátá.

Tísà Fẹ̀yìntì

Ọwọ́ méjì ló ṣe é. Lọ bi ìyá rẹ.

Ìyá Ìbejì Ọ̀jọ́ọ̀

Mà, mo pè wọ́n lálẹ́ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń jókòó sórí àga kan náà ní kíláàsì ló kọ GOOD NIGHT. Inú yàrá ìsùn ni ó ti rán an, lẹ́bàá àtùpà, ìyá mi sì fi ọ̀sẹ̀ méjì pọn omi fún un. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni wọ́n gbà. Mo ní, ṣé tísà yín kò yí i padà wò ni? Wọ́n ní, "Kò yí i. Kì bá yí i."

Wọ́n ní kí n mú abẹ́rẹ́ wá ní Sátidé, àwọn á wò ó bóyá ọwọ́ àwọn ṣì rántí. Òwú pupa ni kí n kó dání. Ní ti búlúù, wọ́n ní kí n lọ wá ẹni tí màá pọnmi fún.