Níbo lẹ ti rí ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà tí nǹkan le? Tèmi rèé láti Àkúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ata àti tòmátì ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí. Oṣù Kìíní 2023 ni rọpárọsẹ̀ dá bàbá àwọn ọmọ mi dúbúlẹ̀, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì. Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́n owó náírà fi dé. Ẹ ṣáà rántí: wọ́n ní ká kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì, tuntun ò sì sí. Oníbàárà á dúró níwájú mi, á fẹ́ ra ata, kò ní rí owó san. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́ta ló jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń wò nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn.

Èyí tó burú jù ni pé mi ò lè sunkún. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Bàbá ńkọ́?", màá ní, "Wọ́n ti ń gbádùn, ògo ni fún Ọlọ́run." Ohun tí mo mọ̀ ni pé onígbàgbọ́ kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi. Mò ń gbààwẹ̀, mò ń lọ ìṣọ́ òru, inú mi sì ń hó bí ìkòkò tí wọ́n dé pa lórí iná. Oorun dá lójú mi.

Màmá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa, opó ni wọ́n, fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta lò ń tàn?" Wọ́n ní kí n lọ ka Sáàmù 13.

Mo jí ní aago mẹ́rin, mo jókòó sórí àpótí nínú kíṣìnnì. Ẹsẹ 6 péré ni. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Mo pa Bíbélì dé, mo rojọ́ fún Un: tòmátì, owó ilé, títí kan inú tó ń bí mi sí Òun gan-an. Mo sunkún títí wọ́n fi pèrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa. Ọkàn mi wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mi ò ríran, mi ò gbóhùn kankan. Mo kàn sùn lọ nílẹ̀ níbẹ̀ ni, ọmọ mi ló jí mi.

Ìṣòro ò tíì lọ o. Ọwọ́ òsì Bàbá ṣì wúwo, wọ́n ṣì ń lo oògùn, wọ́n ṣì ń lọ ṣe ìdárayá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ọsibítù. Àmọ́ mò ń sùn.

—

Ẹ ṣeun, Màmá. Oǹdó ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí kú lọ́dún 2019. Oṣù méje ni mi ò fi lè gbàdúrà. Mo ṣì ń dúró láàárín ẹgbẹ́ akọrin, ẹnu mi pa dé. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ṣí ìwé orin síwájú mi ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kò bi mí léèrè ohunkóhun rí. Lọ́jọ́ kan, a ti dé ẹsẹ kejì kí n tó mọ̀ pé èmi náà ń kọrin. Ìyàwó mi ò tíì débẹ̀.

—

Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi. Ọlọ́run á tù yín nínú. Mo ti sọ fún màmá wa àgbà. Wọ́n ní ká má yọ ìyàwó yín lẹ́nu pé kó kọrin. Wọ́n kàn ń béèrè orúkọ wọn, ká lè máa dá a nínú àdúrà lọ́jọ́rú.