Físíìsì A-Level láìní tíṣà: ṣé kí n gba pépà márààrún pọ̀?

Olùbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Físíìsì A-Level ti Cambridge, 9702, ni mo fẹ́ ṣe ní May/June láti fi wá Direct Entry. Kò sí tíṣà, kò sí lẹ́sìn. Ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ló kù, wákàtí mẹ́wàá péré ni mo sì rí lọ́sẹ̀. Físíìsì ti WAEC ti wà nílẹ̀. Ṣé kí n gba pépà márààrún lẹ́ẹ̀kan náà? Báwo sì ni ẹni tí kò ní lááàbù ṣe ń múra práktíkà?

Bọ̀dá Lááàbù: Práktíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, kí ẹ tó ra ìwé kankan. Pépà 3 ni práktíkà gan-an: wákàtí méjì, máàkì 40. Pépà 5 náà, orí bébà ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ práktíkà ló dá lé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba 11.5% nínú A-Level. Ẹ ro ó pọ̀, 23% nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ń dá kàwé máa ń fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ibùdó ìdánwò tààrà pé: “Ṣé ẹ máa ń gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé yín fún Pépà 3?” Ibùdó lè gbà yín fún àwọn pépà yòókù kó má gbà yín fún èyí, torí wọ́n ní láti to irinṣẹ́ sílẹ̀ fún olúkúlùkù.

Nílé, ẹ wá okùn, nọ́ọ̀tì irin tó wúwo díẹ̀, rúlà mítà kan, àti fóònù tó ní stopwatch. Ẹ so nọ́ọ̀tì mọ́ ìsàlẹ̀ okùn, kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ méjì há orí okùn náà pinpin kí ibi tó ti ń fì má yẹ̀. Ẹ lo gígùn mẹ́fà, láti 30.0 dé 80.0 cm. Ẹ má fà á kọjá nǹkan bí 10°, torí tó bá ti fẹjú jù, fọ́múlà T² = 4π²l/g kò bá a mu mọ́ (T ni àkókò ìlọ-àbọ̀ kan, l ni gígùn okùn, g ni ìwọ̀n bí ayé ṣe ń fa nǹkan). Ẹ ka ìlọ-àbọ̀ 20, kí ẹ wá fi 20 pín àkókò rẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ 20 ni pé ọwọ́ èèyàn máa ń pẹ́ tó nǹkan bí 0.2 s kó tó tẹ fóònù. Lórí ìlọ-àbọ̀ kan tó gba 1.42 s, àṣìṣe yẹn jẹ́ 14%. Lórí ogún, kò pé 1%. Ẹ ya gíráàfù T² sí orí l. Gradient (bí ìlà náà ṣe dagun tó) yẹ kó wà nítòsí 4.02 s²/m.

Àǹtí Ìṣirò: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ àkókò yẹn ná. Wákàtí 360 ni Cambridge fojú bù fún A-Level lódindi, 180 fún AS (ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀). Ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá, 300 ni. Kò pé. Èmi á ní kí ẹ pín in: Pépà 1, 2 àti 3 (AS) ní May/June, Pépà 4 àti 5 ní October/November. Ẹ lè gbé máàkì AS lọ síwájú tí ẹ bá parí A-Level láàárín oṣù 13. Ohun tó lè dí yín lọ́wọ́ ni pé èsì November kì í jáde títí di January. Ẹ yẹ ọjọ́ Direct Entry wò kí ẹ tó pinnu.

Ọ̀gá Past Question: Mo gbà pẹ̀lú Àǹtí, àmọ́ WAEC ti dín iṣẹ́ kù ní AS. Àkòrí 11 ló wà ní AS, 14 ló kù fún apá kejì. Ìṣípòpadà, agbára àti sákíìtì kò ní ṣàjèjì sí yín. Àwọn ibi tí ẹ ó ti jókòó pẹ́ ni superposition (bí ìgbì ṣe ń pàdé), particle physics (àwọn èérún inú átọ́mù), àti sákíìtì tí bátìrì rẹ̀ ní internal resistance (ìdènà inú bátìrì fúnra rẹ̀).

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba máàkì lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ìtumọ̀ gravitational potential, tí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ tán tí ẹ gbàgbé “per unit mass”, ẹ ti ṣòfò nìyẹn. Torí náà, ẹ má kàn fi mark scheme (ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì) wo ìdáhùn. Ẹ da gbogbo ìtumọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú ìwé kékeré kan.

Kákúlétọ̀ ńkọ́? Tí ẹ bá dé oscillations (ohun tó ń mì lọ-bọ̀), ẹ yí i sí radian, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wọn igun. x = 4.0 sin(2.0 × 0.50) jẹ́ 3.4 cm. Tó bá wà ní degree, 0.070 cm ni yóò gbé fún yín, kò sì ní kìlọ̀ fún yín.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ibùdó kan ti gbà mí fún Pépà 3, mo sì ti gbé okùn kọ́. Ní 50.0 cm, ìlọ-àbọ̀ 20 gba 26.95 s. Àwọn gígùn tó kù náà bá a lọ bẹ́ẹ̀, g wá ń jáde ní 10.9. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bọ̀dá Lááàbù: Ẹnu yín ló ṣì í, kì í ṣe okùn. Bí ẹ ṣe jọ̀wọ́ nọ́ọ̀tì ni ẹ ti wí pé “oókan”. Nígbà tí ẹ fi máa pe “ogún”, mọ́kàndínlógún ló tíì lọ. Ẹ fi 19 pín 26.95, ẹ ó rí 1.418 s, g á sì padà sí 9.81. “Òdo” la máa ń pè nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀. Ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ ni àárín, níbi tó ti ń sáré jù; ẹ fi bírò kan dúró síbẹ̀ bí àmì.

Ẹ tún wò ó bóyá orí nọ́ọ̀tì ni ẹ wọn gígùn dé dípò àárín rẹ̀. Ìyẹn kò ní ba gradient jẹ́, ìlà náà kàn máa kọ̀ láti gba òdo kọjá ni.

Àǹtí Ìṣirò: Gíráàfù: àwọn àmì yín gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdajì bébà ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ má fi 3 ṣe ìwọ̀n ojú ìlà. Ẹ fi pẹ́ńsù ẹnu ṣóńṣó ṣe àmì kó má nípọn ju ìdajì ojú kékeré kan lọ. Fún gradient, ẹ mú ibi méjì tó jìnnà síra lórí ìlà, ju ìdajì ìlà náà lọ. Ẹ má mú nọ́ńbà láti inú tábìlì àfi tó bá wà lórí ìlà gan-an. Tí rúlà bá dé mìlímítà, 50.0 cm ni ẹ ó kọ, kì í ṣe 50.

Ọ̀gá Past Question: Ìbéèrè kejì Pépà 3 máa ń bi yín ní àwọn ìṣòro inú práktíkà tí ẹ ṣe àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Ẹni tó kọ “human error” kò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹ dárúkọ ohun tó ṣòro láti wọ̀n àti ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ààbò ní Pépà 5: “mo wọ gíláàsì ojú” kò tó; “mo gbé àwo yanrìn sábẹ́ irin tó so rọ̀ kó má bàa já lé mi lẹ́sẹ̀” ló ń gba máàkì.

Bọ̀dá Lááàbù: Tí ẹ bá dé capacitance, ẹ ra capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná) 2200 µF kan tó gbà ju 9 V lọ, resistor 22 kΩ, bátìrì 9 V àti multimeter. Ẹ fi bátìrì kún capacitor, ẹ yọ bátìrì, ẹ jẹ́ kó máa tú gba inú resistor. Ẹ máa ka fólítì (V) ní sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ ya ln V (bọ́tìnnì “ln” lórí kákúlétọ̀) sí orí àkókò, t. Ní nǹkan bí 48 s, 9.0 V yẹ kó ti já sí nǹkan bí 3.3 V. Tó bá fi díẹ̀ yàtọ̀, ẹ má bẹ̀rù, irú capacitor bẹ́ẹ̀ lè fi 20% yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn ni kó kọjú sí pọ́sítíìfù o. Ẹ má gbé e kọ́ òdì, ó lè bẹ́.