Áàpù wo ni kí a yàn fún bàbá wa tó ní àtọ̀gbẹ?

Ọmọ Olùkọ́ (Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Òṣogbo ni wọ́n sì ń gbé pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn metformin fún àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí dókítà fi abẹ́rẹ́ insulin kan kún un, èyí tí wọ́n ń gún lálaalẹ́. Dókítà náà ní kí wọ́n máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò láràárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan, àti nígbà mìíràn lẹ́yìn oúnjẹ. Inú ìwé kékeré kan ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí mo bá pè wọ́n láti ìhín, "Ó dára, ọmọ mi" ni wọ́n máa ń sọ fún mi, èmi kò sì mọ iye tí wọ́n rí lára ẹ̀rọ gan-an.

Mo fẹ́ fi áàpù kan sórí fóònù wọn, Android kékeré ni. Àwọn tí mo rí pọ̀ débi pé mi ò mọ èyí tí mo lè mú. Òmíràn ń ṣírò oúnjẹ, òmíràn ń ṣírò iye insulin tó yẹ kí ènìyàn gún, ọ̀kan tilẹ̀ ní kí ènìyàn kàn fi ìka bo kámẹ́rà fóònù, òun yóò sì sọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé dátà kì í fi gbogbo ìgbà wà lórí fóònù bàbá, ojú wọn kò sì ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo tún fẹ́ kí dókítà wọn lè rí àkọsílẹ̀ náà bí wọ́n bá lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Apòògùn Ìjẹ̀bú

Ẹ kú àníyàn bàbá o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó ronú kan áàpù rárá. Ẹ ní kí àbúrò yín ka orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ náà fún yín, kí ó sì lọ béèrè ní ilé oògùn bíi méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ilé bóyá wọ́n ń rí strip rẹ̀, ìyẹn pelebe tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí ẹ̀rọ tó kà á, tà ní gbogbo ìgbà, àti iye tí wọ́n ń tà á. Orí strip ni owó ń bá lọ lóṣooṣù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìdílé tí ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ tó rẹwà ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí strip inú páálí àkọ́kọ́ tán, wọn kò rí irú rẹ̀ rà ní gbogbo ìlú, ẹ̀rọ náà sì di ohun tí wọ́n gbé sínú àpótí.

Bí strip ẹ̀rọ bàbá bá wà lọ́jà, tí ẹ̀rọ náà sì ní Bluetooth, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń ní áàpù tó bá a mu, tí èsì yóò máa wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. mySugr ń bá ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ Accu-Chek ṣiṣẹ́, nítorí pé Roche tó ń ṣe Accu-Chek ló ra mySugr ní ọdún 2017. Contour Diabetes wà fún àwọn ẹ̀rọ Contour, OneTouch Reveal sì wà fún àwọn OneTouch. Fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, mo ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo ọ̀ṣọ́ tó kù lọ, torí pé ìgbà tí a bá ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà ni 118 máa ń di 181. Bí ẹ̀rọ wọn kò bá ní Bluetooth, áàpù tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi lójú, tí a sì lè kọ èsì sínú rẹ̀ láìsí dátà, ni kí ẹ wá. Ẹ dán an wò ná lórí fóònù tiyín: ẹ pa dátà, ẹ kọ èsì kan sí i, ẹ wò ó bóyá yóò gbà á.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tún wà níbẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fojú kéré rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ń lò nílé ní Nàìjíríà ń fi mg/dL ka ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà, mmol/L ni wọ́n ń lò. Bí ẹ bá pín iye mg/dL sí ọ̀nà 18, ẹ ó rí mmol/L: 70 di 3.9, 126 di 7.0, 180 sì di 10. Bí ẹ bá ṣètò áàpù náà ní Leeds pẹ̀lú òṣùwọ̀n tibẹ̀, bàbá yóò rí 133 lára ẹ̀rọ, wọn ó sì rí 7.4 lójú fóònù, ọkàn wọn kò sì ní balẹ̀. Ẹ yí i sí òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ wọn ń lò kí ó tó dé ọwọ́ wọn.

Ní ti áàpù tó ń ṣírò insulin, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ sí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, tí dókítà sì ti fún ní òǹkà tí wọ́n máa fi ṣe é. Insulin alaalẹ́ ni ti bàbá, dókítà wọn nìkan ló sì yẹ kó yí iye rẹ̀ padà.

Ìyá Ẹlẹ́kọ (Ìlọrin)

Ẹ kú ìkíni o. Èmi fúnra mi ni mo ní àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ, torí pé ibẹ̀ ni àwọn áàpù wọ̀nyí ti máa ń já wa kulẹ̀.

Púpọ̀ nínú wọn mọ búrẹ́dì, wọ́n mọ ìrẹsì funfun, wọ́n sì mọ ọ̀dùnkún dídín. Wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àmàlà láfún àti àmàlà iṣu, wọn kò sì mọ bí ẹ̀kọ inú ewé kan ti tó. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀bà sí i, ohun tí ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí kọ síbẹ̀ ni yóò gbé jáde, kò sì ní sọ fún yín bóyá òkèlè kékeré ni onítọ̀hún ń sọ tàbí odindi àwo. Ẹni tó bá gbára lé iye bẹ́ẹ̀ yóò máa rò pé òun ń ṣọ́ ara òun, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mi ò lo apá ìṣirò oúnjẹ inú áàpù tèmi. Fọ́tò ni mo ń yà. Tí mo bá bu oúnjẹ tán, mo máa ń yà á, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ nínú áàpù, bíi "ẹ̀bà, ife gààrí kan, ewédú, ẹja méjì", mo máa ń yẹ ṣúgà wò kí n tó jẹun, mo sì tún máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí méjì. Kò pọn dandan lójoojúmọ́, strip yóò tètè tán. Oúnjẹ tí mo bá fẹ́ mọ ìwà rẹ̀ nínú ara mi ni mo ń ṣe é fún. Ọ̀nà yìí ni mo fi mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ kan kò gbé ṣúgà mi sókè tó bí ògì tí mo mu láìsí àkàrà ṣe ń gbé e, àti pé dòdò díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì a máa ba gbogbo ìsapá mi jẹ́. Ara bàbá lè yàtọ̀ sí tèmi, ìdí nìyẹn tí fọ́tò tiwọn fi wúlò ju ìwé ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ tún ní kí àbúrò yín máa fi ife kan náà wọn gààrí kó tó tẹ ẹ̀bà, torí pé nínú gààrí gbígbẹ tó jẹ́ gíráàmù 100, èròjà afúnnilókun tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ lé ní gíráàmù 80, nígbà tó jẹ́ pé nínú gíráàmù 100 iṣu sísè, nǹkan bíi 27 ni. Tí ẹ̀bà bá ti dé inú àwo, ojú lásán kò lè mọ iye gààrí tó wà níbẹ̀.

Bí bàbá bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ yan áàpù tí àkókò ìránnilétí rẹ̀ ṣe é yí padà wẹ́rẹ́. Kí Ramadan tó wọlé ni mo máa ń lọ bá dókítà mi. Àsìkò tó bá là sílẹ̀ fún mi, ti sààrì àti ti ìṣínu, ni mo ń ṣètò sórí fóònù. Gígún ìka láti yẹ ṣúgà wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, àwọn àlùfáà wa ti là á yé wa.

Nọ́ọ̀sì Houston

Ẹ jọ̀ọ́, áàpù tó ní kí ènìyàn fi ìka bo kámẹ́rà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ó dé orí fóònù bàbá. Kámẹ́rà fóònù kò lè ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà níbí, kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa aago ọwọ́ àti òrùka tí wọ́n ń sọ pé ó ń ka ṣúgà láìgún ara. Wọ́n ní àwọn kò tíì fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Ẹni tó ń gún insulin tó gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè sùn pẹ̀lú ṣúgà tó ti lọ sílẹ̀ jù, kó má sì jí.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣètò áàpù gidi, yóò béèrè ibi tí ẹ fẹ́ kí ṣúgà wà. Ẹ má gba èyí tó bá nínú rẹ̀ wọlé láìbi dókítà. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kúrò lọ́mọdé tó ní àtọ̀gbẹ, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn 80 sí 130 mg/dL ṣáájú oúnjẹ, àti kí ó má tó 180 lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ti dàgbà bíi bàbá, dókítà lè fẹ́ kó ga díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìbẹ̀rù kí ó má lọ já wálẹ̀. Mo ti tọ́jú àgbàlagbà tó ń febi pa ara rẹ̀ kìkì nítorí pé fóònù ń fi àwọ̀ pupa hàn án láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ iye tí dókítà rẹ̀ fẹ́ gan-an ló wà. Ìsàlẹ̀ 70 ni kí ẹ jẹ́ kí áàpù pariwo lé lórí. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, tí bàbá ń làágùn, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, kí àbúrò yín fún wọn ní ṣúgà oníkóro (cube) mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú omi, kí ó sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, kò gbọdọ̀ da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé wọn lọ kíá.

Àwọn áàpù kan máa ń fojú bu HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Ẹ má fi ìfojúbù yẹn rọ́pò àyẹ̀wò gidi, pàápàá bó bá jẹ́ ti àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kí wọ́n sì sọ jẹnotáìpù bàbá fún dókítà. SS àti SC lè ba àyẹ̀wò HbA1c jẹ́, AS pàápàá lè dá àwọn ẹ̀rọ kan láàmú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS ní ilẹ̀ wa.

Ọmọ Olùkọ́ (Leeds)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Àbúrò mi ti wò ó: ẹ̀rọ náà ní Bluetooth, strip rẹ̀ sì wà ní ilé oògùn tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn kan níbí ń lo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá tí kò béèrè pé kí wọ́n máa gún ìka. Ǹjẹ́ ó tó kí n rà á fún bàbá? Èkejì ni pé inú bàbá kò dùn rárá nígbà tí mo sọ pé mo máa máa rí gbogbo èsì wọn. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ máa ṣọ́ àwọn ni.

Bàbá Arúgbó Ẹ̀gbá

Ọmọ mi, èmi náà ní àtọ̀gbẹ, mo sì bí ọmọ tó wà ní òkè òkun, nítorí náà mo mọ ohun tí bàbá rẹ ń sọ. Bí èsì àárọ̀ bá wọlé tó jẹ́ 210, tí fóònù mi sì dún kí n tó kúrò lórí ìjókòó, tí ọmọ mi ń béèrè ohun tí mo jẹ lálẹ́ àná, lọ́jọ́ kejì n kò ní yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò rárá. Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ìyàwó wọn sórí strip kí ọmọ lè sinmi ariwo.

Bá bàbá rẹ jókòó lórí fóònù, kí o bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí o rí. Ó lè jẹ́ ti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ó lè jẹ́ èyí tó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 70 nìkan ni kí wọ́n pè ọ́ fún. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni kí o ṣètò, má sì fi ohun mìíràn pamọ́ sínú fóònù wọn. Olùkọ́ ni wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn fi àkọsílẹ̀ náà han dókítà, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara wọn. Ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, má gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí fóònù bá kú tàbí tó sọnù, ìwé yẹn ni yóò kù.

Apòògùn Ìjẹ̀bú

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ti bá mi sọ èyí tó ṣòro jù.

Ní ti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá, bí FreeStyle Libre, ó dára, pàápàá fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lóru, áàpù LibreLinkUp sì ń jẹ́ kí ẹbí rí èsì láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ 14 sí 15 péré ni ọ̀kan ń lò, ẹ ó máa ra òmíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, fóònù bàbá sì gbọ́dọ̀ ní NFC, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fóònù ka nǹkan tí a bá gbé e sún mọ́, kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ Android kékeré kò ní. Kí ẹ tó lè rí èsì náà ní Leeds, dátà gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù bàbá. Fún insulin alaalẹ́ kan, pẹ̀lú strip tó wà lọ́jà, mo rò pé kí ẹ fi owó yẹn ra strip tó máa tó wọn lò.

Ẹ lo áàpù ẹ̀rọ wọn gan-an. Ẹ ṣí àkáǹtì náà pẹ̀lú ímeèlì bàbá, kì í ṣe tiyín, kí àbúrò yín sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé kékeré wọn. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n ń fi ìsọfúnni ṣe. Bí áàpù kan bá ń béèrè fún nọ́ńbà àwọn tó wà lórí fóònù tàbí ibi tí ẹni náà wà láìsọ ìdí, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí àbúrò yín gbé èsì jáde gẹ́gẹ́ bí PDF, kó tẹ ẹ́ sórí ìwé, kó sì fi sínú fáìlì tí bàbá ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé dókítà tó ní aláìsàn púpọ̀ níwájú yóò ka ìwé kan kíá ju kí ó máa yẹ fóònù ẹnìkọ̀ọ̀kan wò lọ.