Re: Ẹ má pe metamodel ní ìyá-àwòṣe o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ láti àná lórí orúkọ Yorùbá tá a máa fún àwọn ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà. Bọ̀dá wa ní Ìkòròdú ní ká máa pe metamodel, ìyẹn òfin tó ń sọ bí model ṣe gbọ́dọ̀ rí, ní ìyá-àwòṣe, pé àwòṣe ni model, àwòrán ohun tá a fẹ́ kọ sọ́fítíwíà fún, ohun tó bí i ni metamodel, àwọn kan sì ti ń kan sáárá sí i. Bọ̀dá, ẹ má bínú, orúkọ yẹn dùn lẹ́nu lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó máa da orí àwọn ọmọ tó ń kọ́ sọ́fítíwíà rú ni.

Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ti níṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tí class kan, ìyẹn irú nǹkan kan nínú sọ́fítíwíà, bá jogún òmíì, ọmọ la máa ń pè é, a ó sì pe èyí tí ọmọ náà jogún ní ìyá. Model ò jogún metamodel ní tiẹ̀, òfin tó wà níbẹ̀ ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ wo ọjà ẹja Olúwo tiwa ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ká ní a fẹ́ kọ sọ́fítíwíà fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Ẹja inú bàsíà yìí, èpìyà ni. Èpìyà fúnra ẹ̀, irú ẹja kan ni, bí àrọ̀ náà ṣe jẹ́ irú ẹja. Ṣé ẹ wá lè sọ pé ẹja inú bàsíà jẹ́ irú ẹja? Kò ṣeé sọ, ẹja kan ṣoṣo ni jàre. Bẹ́ẹ̀ nílé Yorùbá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ mi náà ni, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti lo ìyá, ibi tí ò yẹ kó dé ló máa gbé wa dé yẹn. Òfin-àwòṣe lèmi fara mọ́ fún metamodel.

Èpìyà tó wà láàárín yẹn gan-an ló mú kí Atkinson àti Kühne, àwọn onímọ̀ sọ́fítíwíà méjì, kọ̀wé ní 2001. Ẹni tó bá wò ó látòkè á ní object, ìyẹn nǹkan kan ṣoṣo, ni, ẹni tó wò ó látìsàlẹ̀ á ní class ni, clabject ni wọ́n ń pè é, wọ́n lẹ class mọ́ object. Irúhun tí àǹtí wa ní Àgbádárìgì dá lábàá, irú àti ohun, ó ti tó, mo gbè wọ́n lẹ́yìn.

Potency ni kẹ́ ẹ má pè ní agbára, ẹ jọ̀ọ́, ìwé atúmọ̀ èdè ló tàn yín. Iye ìpele tí nǹkan ṣì máa sọ̀ kalẹ̀ kó tó gba iye tiẹ̀ ni, nítorí náà mo ní ìsọ̀kalẹ̀. Tá a bá kọ kílò sára irú ẹja pẹ̀lú ìsọ̀kalẹ̀ 2, tó bá dé ara èpìyà á ku 1, kò tíì sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, tó bá dé ẹja inú bàsíà ló máa di 0, ìgbà yẹn la tó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Owó kílò kan ní tiẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ 1 ni, ara èpìyà ló ti máa dúró. Nínú UML, èdè tí wọ́n fi ń ya àwòṣe sọ́fítíwíà, bó ṣe wà nígbà náà, class ò lè pàṣẹ kọjá ìpele kan péré nísàlẹ̀ ẹ̀, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ti M3, ìpele tó wà lókè pátápátá, ló kù. MOF, èdè tí wọ́n fi ń kọ metamodel, tí OMG, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà UML jáde, gbé ka orí gbogbo ẹ̀, ara ẹ̀ náà ló fi ń ṣàpèjúwe ara ẹ̀, kò sí M4. Ẹnì kan ti fẹ́ máa pè é ní òfin òfin-àwòṣe, háà! MOF lèmi á fi í sílẹ̀ sí ní tèmi, lẹ́tà mẹ́ta ò pa ẹnikẹ́ni.