Ta ló ti gun kẹ̀kẹ́ láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn rí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtòkò ni mò ń gbé, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo sì fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Aké. Ní báyìí, ọ̀nà jíjìn ń wù mí. Mo fẹ́ gba Ọ̀dẹ̀dá àti Omi-Àdìó lọ kí ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn, ó lé ní kìlómítà 70. Ìyàwó mi ní ṣé owó ọkọ̀ ni mi ò ní ni!

Òkè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ mọ ìlú wa, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Kẹ̀kẹ́ mi ò ní gíà, bí mo bá ti dé ìdí òkè, ńṣe ni mo ń bọ́ sílẹ̀ tì í. Ṣé irú rẹ̀ lè dé Ìbàdàn lóòjọ́, àbí kí n wá èyí tó ní gíà rà ná?

Àwọn tírélà ńkọ́? Bí mo bá gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, ṣé wọn ò ní tíì pọ̀ lọ́nà? Táyà tó bá jò, ṣé àwọn fọkanáísà ojú ọ̀nà máa ń lẹ tíúbù kẹ̀kẹ́, àbí kí n gbé pọ́ǹpù àti gúlúù tèmi dání?

Ẹni tó bá ti rìn ín rí ni mo ń bẹ̀ o.